Ọdún Méjìdínlógún Lórí Ìbéèrè Kan



Ẹgbẹ́ wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa. Ìtàn onímọ̀ físíìsì kan ni mo gbé wá: Albert Fert, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n bí ní Carcassonne lọ́dún 1938.

Ní 1970, ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Orsay. Bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú irin kọjá ló ń wádìí. Ẹ̀léktíróònù tó ń gbé iná, òòfà kékeré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn kan kọjú sókè, àwọn kan kọjú sísàlẹ̀, ìrìn wọn nínú irin kò sì dọ́gba. Bí a bá to ìpele irin méjì lé ara wọn, tí òòfà inú wọn kọjú síbì kan náà, ìsọ̀rí ẹ̀léktíróònù kan á ráyè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí wọ́n bá kọ̀yìn síra, ìsọ̀rí méjèèjì ló máa pàdé ìdènà. Ṣùgbọ́n kí èyí tó lè hàn, àwọn ìpele náà gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ gan-an. Ta ló lè tẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà? Kò sí.

Ó tó 1988 kí òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tó to irin àti mẹ́táàlì tó ń jẹ́ chromium lé ara wọn, tí ìpele chromium kò nípọn tó ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà. Wọ́n gbé òòfà sún mọ́ ọn nínú òtútù líle, ìdènà iná sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì dín kù. Láàárín àkókò kan náà, Peter Grünberg rí irú rẹ̀ ní Jülich, ní Jámánì. Stuart Parkin ti ilé iṣẹ́ IBM wá ọ̀nà tó yá, tó sì dínwó, láti to irú ìpele bẹ́ẹ̀. Ní 1997, ìmọ̀ yìí wọnú díísìkì kọ̀ǹpútà tí IBM ń tà. Ní 2007, Fert àti Grünberg jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹnì kan béèrè, àwọn kan rí i, ẹlòmíì sọ ọ́ di ohun ọjà. Ṣùgbọ́n láàárín 1970 sí 1988, owó oṣù yunifásítì ni Fert ń jẹ, kò rí ohunkóhun tà.

Àwa ńkọ́? Ọmọ tó bá ní dókítà lòun fẹ́ ṣe, a ó pàtẹ́wọ́. Èyí tó bá ní físíìsì ni, a ó ní, “Ṣé wọ́n ń jẹ ìyẹn ni?”

Àbá mi rèé: nínú owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ wa ń fún àwọn ọmọ, ẹ yọ àyè kan sọ́tọ̀ fún ọmọ tó ń ṣe ìwádìí tí a kò tíì rí èrè rẹ̀. Ẹ má sì bi í léèrè lẹ́yìn ọdún kan pé kí ló mú bọ̀. Ẹ gbé e yẹ̀wò níbi ìpàdé gbogbogbòò, kí ẹ sì dìbò sí i.