Pátánì Sáfà: Kí Iṣẹ́ Má Dúró Bí Ẹni Tó Mọ̀ Ọ́n Bá Rìnrìn Àjò

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ ìlú wa sọ níbi ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì. A gbé e síbí nítorí àwọn tí kò ráyè wá.)

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa fi ń jẹun báyìí, ìyẹn iṣẹ́ sáfà orí cloud. Ẹ̀yin tí ẹ kò sí nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ má tíì jáde o. Ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Ojú ewé ìlú wa, ìwé orúkọ ọmọ ìlú, àkọsílẹ̀ owó tí ẹ ń dá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, orí irú sáfà bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Bí sáfà bá kú lálẹ́ òní, ta ló lè gbé òmíràn dìde lọ́la? Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo, tí ẹni náà sì ti ń wá físà kiri, ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ti wà ńlẹ̀.

Kí ni sáfà yìí gan-an? Amazon, Google àti Microsoft to kọ̀ǹpútà ńláńlá sínú ilé, wọ́n wá ń yá wa lò. Kì í ṣe odindi ẹ̀rọ ni wọ́n ń yá wa. Wọ́n pín ẹ̀rọ kan sí yàrá-yàrá bíi ilé face-me-I-face-you: òrùlé kan, ṣùgbọ́n oníkálukú ló ní kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀. Amazon bẹ̀rẹ̀ tiwọn, tí wọ́n ń pè ní EC2, ní 2006.

Yíyá a kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ètò rẹ̀ ló le. Báwo ni yóò ṣe tóbi tó? Irú Linux wo? Ààyè ìpamọ́ mélòó? Ilẹ̀kùn wo la ó ṣí, èwo la ó tì? Bí ẹni méjì bá fi ọwọ́ ṣe é, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni sáfà wọn yóò jẹ́.

Ibẹ̀ ni template ti wọlé. Télọ̀ tó fẹ́ rán aṣọ ẹbí fún ogójì èèyàn kì í bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n látìbẹ̀rẹ̀ lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ó ti gé pátánì sórí páálí, òun ló ń tẹ̀ lé. Amazon ní tiwọn láti 2017, wọ́n pè é ní launch template. Google ń pe tiwọn ní instance template. Pátánì fúnra rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín ní Amazon. Sáfà tí ẹ bá fi í gbé dìde ni wọ́n ń gba owó lé.

Ẹ má ṣe da template pọ̀ mọ́ AMI o. AMI ni àwòrán dísìkì, tí Linux àtàwọn ètò mìíràn ti wà nínú rẹ̀. Template ló ń sọ AMI tí a ó lò, bí ẹ̀rọ yóò ṣe tóbi tó, kọ́kọ́rọ́ wo àti ilẹ̀kùn wo.

Ẹ jẹ́ kí n wá ka ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́.

Èkíní, ẹ̀dà. Ní Amazon, bí ẹ bá ti fi ẹ̀dà 1 pamọ́, ẹ ò lè tún un kọ mọ́. Ẹ̀dà 2 lẹ ó ṣe, èyí àtijọ́ á sì wà níbẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí bí ẹ̀dà 5 bá bàjẹ́, ẹ lè padà sí 4. Ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀dà tẹ́ ẹ ti dán wò síbi iṣẹ́ gidi. Bí ẹ bá kọ "èyí tó dé kẹ́yìn" síbẹ̀, ohun tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe láìdán an wò ni ẹ̀rọ yóò gbé. Ní ti Google, ẹ ò lè tún template ṣe rárá. Tuntun lẹ ó ṣe, nítorí náà ẹ fi déètì sínú orúkọ rẹ̀.

Èkejì, ẹ dán an wò. Amazon kì í yẹ gbogbo ohun tó wà nínú template wò nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi í pamọ́. Àṣìṣe lè sùn síbẹ̀ títí di ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé sáfà dìde. Ẹ gbé ọ̀kan dìde, ẹ wò ó, ẹ pa á, kẹ́ ẹ tó fi ẹ̀dà náà ṣe èyí tí gbogbo ènìyàn ó máa lò.

Ẹ̀kẹta, àṣírí. Àyè kan wà nínú template tó ń jẹ́ user data, níbi tí à ń kọ àṣẹ tí sáfà yóò ṣe bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ẹ má kọ password síbẹ̀ láéláé. Ẹni tó bá láṣẹ láti wo template yóò kà á kedere. Ẹ fi sínú àpótí àṣírí tí ilé iṣẹ́ náà ní fún un.

Ẹ̀kẹrin, ibùdó. Ohun tẹ́ ẹ ṣe sí ibùdó London, ẹ ò ní rí i ní Cape Town, tí Amazon ṣí ní 2020. Ẹ ó ṣe ẹ̀dà AMI lọ sọ́hùn-ún, yóò gba nọ́ńbà tuntun, ẹ ó sì kọ template tuntun tó ń pe nọ́ńbà yẹn.

Ẹ̀karùn-ún, owó. AMI àtijọ́ ní àwòrán dísìkì lẹ́yìn, oṣooṣù sì ni wọ́n ń gba owó ìpamọ́ rẹ̀, ní dọ́là. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú náírà ti rí láti oṣù Kẹfà 2023. Ẹ gbá ilé mọ́. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó yọ AMI kan kúrò, ẹ wo template tó ṣì ń pè é. Sáfà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kò ní kú, ìyẹn ló ń tan èèyàn. Ọjọ́ tí sáfà yẹn bá kú, tẹ́ ẹ fẹ́ fi òmíràn rọ́pò, ọjọ́ náà ni pátánì á pe aṣọ tí kò sí mọ́.

Ẹ̀kẹfà ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi: ta ni yóò jogún iṣẹ́? Àyè àlàyé wà lára ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ yí padà àti ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kí àkáǹtì wà, kó má jẹ́ ímeèlì ẹnì kan. Kí ẹni mẹ́ta ó kéré tán ní ọ̀nà àbáwọlé tiwọn, kí wọ́n má máa pín password kan lò.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Ẹ̀gbọ́n, sáfà kan ṣoṣo la ní, kí la fẹ́ fi pátánì ṣe?" Torí pé ọ̀kan ni gan-an ni o! Ẹni tó ní ogún sáfà, bí ọ̀kan bá kú, mọ́kàndínlógún á dúró. Tiwa kò ní arọ́pò.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí àwọn ọmọ wa tó mọ iṣẹ́ yìí mú méjì nílé àti ọ̀kan lẹ́yìn odi, kí wọ́n jọ kọ pátánì sáfà ìlú wa, kí ẹni tí kò bá wọn kọ ọ́ sì fi gbé sáfà dìde lójú gbogbo wa. Bó bá dìde, a mọ̀ pé ìlú ló ni ín, kì í ṣe ẹnì kan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

 Ìlú wa á tòrò, á dùn o.