Nọ́ńbà Íntánẹ́ẹ̀tì Kò Tó Láti Mọ Ilé Ẹni
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará àdúgbò Básìn, Ìlọrin, sọ

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ni bí a ti ń wá ibi tí ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì gbé wà, àti ewu tí ń bẹ nínú gbígba ìdáhùn rẹ̀ gbọ́ láìwádìí.

Gbogbo ẹ̀rọ tí ń gbé ojú ìwé jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ń lo nọ́ńbà kan gẹ́gẹ́ bí àdírẹ́sì. Ilé iṣẹ́ márùn-ún ni ó ń pín nọ́ńbà wọ̀nyí ká gbogbo ayé. AFRINIC, tí ó wà ní erékùṣù Mauritius, ni a fi ìpín Áfíríkà lé lọ́wọ́ ní 2005. Inú ìwé tí a kọ orúkọ àwọn tí ó gba nọ́ńbà sí ni àwọn tí ń ya máàpù ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi í wé àpótí lẹ́tà. Ẹni tí ó mọ nọ́ńbà àpótí mọ ilé ìfìwéránṣẹ́ tí lẹ́tà yóò dé, ṣùgbọ́n kò tí ì mọ agbo ilé tí ẹni tí ó ni í ń gbé. Bákan náà, ojú ìwé tí orúkọ rẹ̀ parí sí .ng lè wà lórí ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó jókòó ní Básìn níhìn-ín, máàpù lè wí pé Èkó ni ó wà, bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ fóònù rẹ̀ ti so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní 2016, ìwé ìròyìn tú àṣírí ọ̀rọ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan tí ń ya irú máàpù yìí kò bá mọ̀ ju pé Amẹ́ríkà ni nọ́ńbà kan wà, a fi í sí àárín orílẹ̀-èdè náà. Oko kan ní Kansas ni ó bọ́ sí. Nọ́ńbà tí ó lé ní 600 mílíọ̀nù tọ́ka sí oko náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọlọ́pàá àti àwọn tí a lù ní jìbìtì fi ń dààmú àwọn aláìṣẹ̀ tí ń gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a sún àmì náà sínú adágún omi.

Nítorí náà, bí a bá lù yín ní jìbìtì, tí máàpù sì tọ́ka sí ilé kan, ẹ má ṣe gbéra lọ síbẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹ sì gbé e lọ fún àwọn ọlọ́pàá, kí wọ́n lè bi ilé iṣẹ́ tí ó ni nọ́ńbà náà léèrè ẹni tí ń lò ó ní wákàtí yẹn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Máàpù pàápàá, ẹnìkan ni.