Ẹ̀TỌ́ ALÁÀBỌ̀ ARA NÍ IBI IṢẸ́

Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ Iléeṣẹ́ Ìròyìn kan bá àwọn olórí ọ́fíìsì sọ nìyí:

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó kan ọ̀nà àtijẹ ọmọnìkejì wa.

Ní ọ́fíìsì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, akọ̀wé kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ láti kékeré. Lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni tábìlì rẹ̀ wà. Kí agogo méje òwúrọ̀ tó lù ni ó ti máa ń dé, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun níbi tí òun gbé ń fi ọwọ́ wọ́ ara gun àtẹ̀gùn. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kì í mu omi, nítorí ìsàlẹ̀ ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Ìwé ìṣirò owó tí ó bá kọ kì í ní àṣìṣe. Síbẹ̀, nígbà tí àyè ìgbéga ṣí sílẹ̀, wọ́n fò ó dá, wọ́n ní iṣẹ́ náà gba ìrìn. Gbogbo wa ń yìn ín pé ó ní sùúrù. Èmi náà yìn ín. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bi í léèrè ohun tí ó ń fẹ́.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀gá tuntun dé, ó sì bi í. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, a ti gbé tábìlì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀. Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi gba ìgbéga tí a ti fi dù ú.

Ẹ má ṣe rò pé àánú ni mo ń bẹ̀. Òfin ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí òfin tí ó ka yíya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ léèwọ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Òfin náà ní, níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe, kí ó kéré tán 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba jẹ́ aláàbọ̀ ara. Ó fi ọdún 5 sílẹ̀ kí a fi tún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ṣe, kí kẹ̀kẹ́ arọ lè gba ibẹ̀ wọlé. Ọdún 5 náà sì ti pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ẹni tí ó bá rú òfin yìí lè san ₦100,000, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì. Iléeṣẹ́ yóò san ₦1,000,000. Ìpínlẹ̀ Èkó tilẹ̀ ti ṣe òfin tirẹ̀ láti ọdún 2011.

Ṣùgbọ́n òfin kò lè gbé tábìlì. Ọwọ́ yín ni ó wà. Ẹ wo àtẹ̀gùn yín. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé sílẹ̀ fún adití. Ẹ ka ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri fún afọ́jú.

Àwọn baba wa ní a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ tí a pè ní ọmọlúàbí ni ó mú kí akọ̀wé wa máa fi ọwọ́ gun àtẹ̀gùn. Ẹ pe ẹni náà sí kọ̀rọ̀, ẹ bi í léèrè, kí ẹ sì ṣe ohun tí ó bá wí.