Ọjọ́ Wo Ni Kọ̀ǹpútà Yín Mọ̀? Ọ̀rọ̀ Lórí Wíwá Fáìlì ní Iléeṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń wá fáìlì nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ kékeré ni lójú ẹni tí fódà rẹ̀ kò ju mẹ́wàá lọ. Àmọ́ láti ọ̀nà Ọba Akran dé Agidingbi, láti Ògbà dé ọ̀nà Ìjú, iléeṣẹ́ ló tò lọ bẹẹrẹbẹ. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ló ya ilẹ̀ Ìkẹjà sọ́tọ̀ fún iléeṣẹ́ ní àwọn ọdún 1950, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe ọjà, ìwé kì í gbẹ́yìn: wébíìlì, ínfọ́ìsì, rìsíìtì, ìwé àyẹ̀wò ọjà. Òfin iléeṣẹ́ ti ọdún 2020 sì ní kí iléeṣẹ́ tọ́jú àkọsílẹ̀ ìṣirò owó rẹ̀ fún ọdún 6. Ọ́dítọ̀ tó bá béèrè ìwé ọdún márùn-ún sẹ́yìn kò ṣàṣejù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé a ó ṣí File Explorer inú Windows, a ó tẹ Ctrl àti F, a ó kọ “waybill”. Fáìlì á ya lulẹ̀ bí òjò. A ó wá máa fi ojú ṣà wọ́n títí ojú á fi dùn wá. Ẹ̀bi kọ̀ǹpútà kọ́. Ohun tí a bi í náà ló dáhùn.

Ẹ bi í dáadáa:

(waybill OR invoice) ext:.pdf NOT copy

Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé kó mú wébíìlì tàbí ínfọ́ìsì wá, kó jẹ́ PDF, kó má sì mú ẹ̀dà tí wọ́n kọ “Copy” sí lára wá. Ẹ̀yin náà mọ iye “Copy” tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yín. Lẹ́tà ńlá ni kẹ́ ẹ fi kọ AND, OR àti NOT. Bí wọ́n bá jẹ́ lẹ́tà kékeré, ọ̀rọ̀ lásán ni kọ̀ǹpútà á kà wọ́n sí. Bí AND bá wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì, àfi kí méjèèjì pé. Àkámọ́ ló ń jẹ́ kó mọ ohun tí OR kàn àti ibi tó parí sí. George Boole, ọmọ aránbàtà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó di olùkọ́ ìṣirò ní Cork, ní Ireland, ló sọ irú ìrònú yìí di ìṣirò nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1854.

Ọjọ́ ni mo fẹ́ dúró lé, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ láìsí ariwo.

Ẹ rìn dé Otigba, ní Computer Village. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà níbẹ̀ jẹ́ tòkunbọ̀, ètò ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì lè wà nínú wọn. Amẹ́ríkà a máa kọ oṣù ṣáájú ọjọ́. Ẹ kọ:

datemodified:03/04/2024

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin lẹ̀yin ń wá. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni kọ̀ǹpútà lọ wò. Kò ní sọ pé ẹ ṣe àṣìṣe. Á mú fáìlì mìíràn wá, tàbí kó ní òun kò rí nǹkan kan, sítókíípà á sì gbà pé ìwé ti sọnù. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Region, kẹ́ ẹ yan English (Nigeria). Kí gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì náà rí bákan náà, ẹ má ṣe ti ọ̀gá nìkan.

Ohun kejì ni pé fáìlì kan lè ní ọjọ́ ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹ bá da ìwé ọdún 2020 kọ láti inú flash sínú kọ̀ǹpútà lónìí, datecreated rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n dá a, á di òní, ṣùgbọ́n datemodified, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn, á ṣì wà ní 2020. Nítorí náà, ẹni tó ń wá ìwé àtijọ́ kò gbọdọ̀ gbára lé datecreated. Fún àwòrán tí dírẹ́bà fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí fóònù Android, orúkọ fáìlì ló wúlò jù: ọdún, oṣù àti ọjọ́ wà nínú rẹ̀. IMG-202404* á kó gbogbo ti oṣù kẹrin 2024 jọ.

Ìwé tí ẹ fi ẹ̀rọ ya sínú kọ̀ǹpútà ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ àwòrán lásán, kọ̀ǹpútà lè má rí ọ̀rọ̀ kankan kà nínú rẹ̀. “Scan0047” kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ọdún ṣáájú nínú orúkọ, bíi 2024-04-03, kí oníbàárà tẹ̀ lé e. Orúkọ tó bá bẹ̀rẹ̀ báyìí á tò ara rẹ̀ láti ọdún dé ọdún.

Àmì ara lẹ́tà wa náà ní wàhálà tirẹ̀. Ọ olámì-ìsàlẹ̀ lè jẹ́ ẹyọ lẹ́tà kan nínú kọ̀ǹpútà kan, kó jẹ́ o àti àmì lọ́tọ̀ nínú òmíràn. Ojú yín kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Èmi kò ní gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ bọ́ àmì lára orúkọ bàbá yín nítorí ẹ̀rọ. Kí ọ́fíìsì fẹnu kò lórí kíbọ́ọ̀dù kan. Bí ẹ bá sì ń wá “Ọba Akran”, ẹ kọ “Akran” nìkan, kẹ́ ẹ fi date:2024 tì í.

Ó ku àwọn hard drive àtijọ́ inú dúrọ́ọ̀ àkáǹtì. Windows kì í sábà ṣe àtòjọ ohun tó wà nínú wọn sílẹ̀, nítorí náà orúkọ fáìlì ló máa ń wò, ó sì máa ń pẹ́. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ẹ wọ fódà ọdún tí ọ́dítọ̀ béèrè, ẹ fi ext:.pdf sí i, kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ oníbàárà.