Omi Tó Di Àwọ̀ Ewé: Bí A Ó Ṣe Fọ Tánkì Ọjà Wa

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé, ní Òmù-Àrán

   

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó kan ikùn wa, ó sì kan àpò wa. Ọ̀rọ̀ tánkì omi tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ ẹlẹ́kọ ni. Gbogbo wa la ti rí i. Inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, ó ń yọ̀ bí ilá, omi rẹ̀ sì ń rùn bí ẹrẹ̀. Omi yìí la fi ń fọ abọ́, òun náà làwọn ọmọ ń mu bí òùngbẹ bá ń gbẹ wọ́n. Oníbàárà tó bá rí omi tí a fi fọ abọ́ tí a fi bu oúnjẹ fún un, ṣé á tún padà wá lọ́la? Kò ní padà.

Àwọn kan ní kí a ra Hypo kí a dà á sí i, kó parí. Ẹ̀yin ìyá mi, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń bá wa jà.

Èérí àwọ̀ ewé yìí, tí àwọn olóyìnbó ń pè ní algae, nǹkan ẹlẹ́mìí ni. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló fi ń dàgbà, bí àgbàdo inú oko. Eruku, ewé àti ìgbẹ́ ẹyẹ tí òjò ń gbá láti orí páànù wá, ìyẹn ni ajílẹ̀ rẹ̀. Tánkì tó funfun tí kò ní ìdérí, oko tó dára ni fún un.

Ẹ rántí àmù àwọn ìyá wa. Omi àmù kì í dédé mọ́. Igun yàrá tó ṣókùnkùn ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á fi ọmọrí dé e, wọ́n á sì fọ inú rẹ̀ kí wọ́n tó pọn omi tuntun sí i. Òkùnkùn, ìdérí, fífọ̀. Nǹkan mẹ́ta yìí náà ni tánkì ń fẹ́.

Kì í ṣe gbogbo èérí ewé ló ní oró. Ṣùgbọ́n irú kan wà tó ní májèlé, ojú lásán kò sì lè dá a mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni sísè omi kì í pa oró rẹ̀. Ní ọdún 2020, erin tó lé ní 300 kú ní orílẹ̀-èdè Botswana. Ìjọba ibẹ̀ sọ ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà pé oró irú èérí bẹ́ẹ̀ nínú omi tí wọ́n mu ló pa wọ́n. Erin o! Kí wá ni ti ọmọ ọwọ́?

Ẹ tún gbọ́ ti oògùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, níbi ìdíje Olympics ní ìlú Rio de Janeiro, ní Brazil, omi tí àwọn eléré ń bẹ́ sí di àwọ̀ ewé lójú gbogbo ayé. Wọ́n wádìí, wọ́n sì rí i pé wọ́n da oògùn kan tó ń jẹ́ hydrogen peroxide sí omi tó ti ní klórínì tẹ́lẹ̀. Oògùn kejì pa agbára ti àkọ́kọ́. Ẹ rí i pé dída oògùn lu oògùn kì í ṣe ọgbọ́n.

Bí a ó ṣe ṣe é nìyí:

1. A ó fa omi inú tánkì jáde. Ẹ má sunkún omi náà, a ó fi fọ gọ́tà.

2. A ó fi búrọ́ọ̀ṣì tí a so mọ́ igi gígùn ha ara àti ìdí rẹ̀, a ó sì ṣan án lẹ́ẹ̀mejì. Bí a kò bá ha á, oògùn kò ní dé gbòǹgbò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni má wọ inú tánkì o.

3. A ó pọn omi mímọ́ kún un, a ó da Jik tàbí Hypo tí kò ní òórùn dídùn sí i. Bí ara ike rẹ̀ bá kọ 3.5%, lítà kan ààbọ̀ ni fún omi 1000 lítà. Ó di ọjọ́ kejì kí a tó tú u dànù, kí a sì tún ṣan án. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu omi yẹn. Ẹ má po Jik mọ́ oògùn tí a fi ń fọ ṣáláńgá tàbí ohunkóhun mìíràn. Èéfín rẹ̀ lè pa ènìyàn.

4. A ó fi ọ̀dà dúdú kun ara tánkì, a ó ra ìdérí tuntun, a ó sì fi nẹ́ẹ̀tì dí ẹnu páìpù. Òjò àkọ́rọ̀, ẹ jẹ́ kó fọ páànù kó ṣàn lọ, kí a tó gbe omi.

Mo ń bẹ ẹgbẹ́ kí owó ọ̀dà àti ìdérí jáde láti inú àpò wa. Ti iṣẹ́, kí ìlà ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan fi obìnrin méjì sílẹ̀, kí a sì máa fọ̀ ọ́ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kí a ṣe é kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí tánkì bá tilẹ̀ mọ́ tán, omi mímu, ẹ ṣì máa sè é.

Àwọn àgbà inú wa kò gbàgbé sòbìà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti tán ní Nàìjíríà. Aṣọ tí àwọn obìnrin fi ń sẹ́ omi nílé wà lára ohun tó lé e lọ. Ọwọ́ tó ṣe ìyẹn kò ní ṣàì lè fọ tánkì kan.

Omi ò lọ́tàá, ẹ̀yin ìyá. Ẹ má jẹ́ kí tiwa di ọ̀tá. 

Akọ̀wé Ẹgbẹ́