Ìwé Ẹrù Ṣáájú Ẹkún



Ní Kirikiri, lẹ́bàá Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, ni èbúté kan wà tí àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí a ń pè ní láítà ti ń já ẹrù tí wọ́n gbà lára ọkọ̀ ńlá. Bí ẹrù ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn báyìí, ìbéèrè kan kò ní ṣàì dìde: bí ó bá sọnù, ta ni yóò san án, èló ni yóò sì san?

Ní àṣà wa, ẹni tí ó gba ẹrù lórí ẹni ní láti jíhìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà àtijọ́, àwọn ọlọ́kọ̀ òkun a máa kọ ọ́ sínú ìwé ẹrù pé, bí ẹrù bá ṣègbé, kò kan àwọn. Nítorí èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe péjọ ní Brussels ní 1924. Wọ́n pàṣẹ pé ọlọ́kọ̀ kò gbọdọ̀ fi ìwé bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ tí òfin yàn fún un. Ṣùgbọ́n kò ní san ju £100 lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan, àfi bí a bá ti sọ iye rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbà á, tí a sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ọlọ́kọ̀ kò ṣáà mọ ohun tí ó wà nínú àpótí tí a dì pa. Ní 1926 ni òfin yìí wọ Nàìjíríà, fún ẹrù tí ń ti èbúté wa jáde.

Òfin kejì ni ti Hamburg ní Jámánì, ti 1978, tí àwọn aṣòfin wa sọ di òfin ilẹ̀ yìí ní 2005. Ààlà tirẹ̀ ni 835 SDR lórí ẹrù kan, tàbí 2.5 SDR lórí kílò kan, èyí tí ó bá pọ̀ jù. SDR ni ìdíwọ̀n owó tí àjọ IMF gbé kalẹ̀, tí a lè ṣírò sí náírà. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ẹrù jẹ́ kò ní ààlà tí yóò sá sí.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo oníṣòwò kan tí ó kó 200 àpótí aṣọ sínú kọ̀ńténà kan, tí ìwọ̀n wọn jẹ́ 4,000 kílò. Bí ìwé bá sọ pé "kọ̀ńténà kan" péré, ẹrù kan ni òfin kà á sí. Kò lè gbà ju 10,000 SDR. Bí a bá kọ 200 àpótí sínú ìwé náà, ààlà di 167,000 SDR. Kò lè gbà ju iye àdánù rẹ̀ lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìlà kan nínú ìwé lè gba ilé ẹni là, ó sì lè wó o.

Nítorí náà, a ń rọ̀ yín: ẹ jẹ́ kí a ka ẹrù yín ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Ní Kirikiri, ẹ wo èdìdì kọ̀ńténà kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Bí àbùkù bá hàn, ẹ kọ̀wé sí ọlọ́kọ̀ kí ọjọ́ iṣẹ́ kejì tó kọjá; bí kò bá hàn, kí ọjọ́ 15 tó pé. Ẹni tí ó bá fẹ́ pẹjọ́ ní ọdún 2 péré.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé wọ̀nyí ń sọ. Àwa olùkọ́ ni ó yẹ kí a túmọ̀ wọn fún àwọn ọlọ́jà wa, kí ọmọ wa sì kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́. Àwọn baba wa ní, bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹ jẹ́ kí a ríran kí ẹkún tó dé.