Kí A Tó Sanwó Ẹ̀rọ Ìfági Àlòkù

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wa

 Ẹ̀yin káfíńtà tí ẹ ti ìsọ̀ yín wá, tiyín ni ọ̀rọ̀ òní jù.

Ìwé ìbéèrè owó yíyá tí ó ń dé iwájú wa nítorí ẹ̀rọ ìfági àlòkù ń pọ̀ sí i. Ó dùn mọ́ wa. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ igi nínú àgbàlá ilé rẹ̀ mọ ìyà tí ó wà nínú kí á máa ru pákó lọ sí sọ́míìlì, kí á tò, kí iná lọ, kí á tún ru ú padà wálé. Ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ẹnì kan. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ òkú ẹ̀rọ, ẹni tí ó yá owó yóò máa san gbèsè láìjẹ èrè. Bí agbára rẹ̀ kò bá sì ká a mọ́, ọ̀rọ̀ di ti àwọn onídùúró rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní kí á jọ sọ bí a ti ń yẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò.

Iṣẹ́ tí ó ń ṣe

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí a fẹ́ rà. Ẹ̀rọ tí à ń wí yìí ní tábìlì irin méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Láàárín wọn ni irin róbótó kan wà tí a de ọ̀bẹ méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ́. Tábìlì ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bá ẹnu ọ̀bẹ dọ́gba níbi tí ó ga jù. Tábìlì iwájú ni a ń rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ìwọ̀n tí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni ọ̀bẹ yóò fá kúrò lára igi. Báyìí ni pákó tí ó wọ́ ṣe ń tọ́, tí etí rẹ̀ sì ń ṣe é lẹ̀ mọ́ ti èkejì láìsí àlàfo.

Ẹ fi sọ́kàn pé ojú kan àti etí kan ni ó ń tọ́. Kì í mú kí pákó nípọn dọ́gba láti orí dé ìdí; iṣẹ́ tíkínẹ́sà nìyẹn. Àwọn kan wà, pàápàá láti ilẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n ń ṣe méjèèjì: a ń fá pákó lórí wọn, a sì ń ti pákó gba abẹ́ wọn. Ẹ béèrè èwo ni wọ́n fẹ́ tà fún yín. Ẹ̀rọ ínṣì 6 tó fún etí pákó, ẹsẹ̀ àga àti férémù. Ẹni tí ń ṣe ilẹ̀kùn àti ojú tábìlì yóò fẹ́ ínṣì 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ tún fi ìwé ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé ₦5,000 ni ẹnì kan ń san fún ìfági ní ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ 12, ó di ₦60,000. Ẹ fi owó ọkọ̀ àti ọjọ́ tí ó ṣòfò kún un, kí ẹ wá fi wé owó tí ẹ óò máa dá padà fún ẹgbẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 12 kan náà.

Tábìlì ni kí á kọ́kọ́ wò

Ọ̀dà tuntun kò já mọ́ nǹkan kan. Bẹ́líìtì, bíárìnì, ọ̀bẹ, súìṣì, àní mọ́tò iná tí ń yí i, gbogbo wọn ni a lè pààrọ̀. Tábìlì tí ó lọ́ tàbí tí ó sán kò rí bẹ́ẹ̀. Irin tí a yọ́ dà sínú àwòṣe ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Bí ó bá já bọ́ láti orí ọkọ̀, ó lè sán, bí wẹ́dà bá sì jó o, ooru iná lè lọ́ ọ. Níbi tí ẹ bá ti rí ojú ibi tí a jó lára tábìlì, ẹ máa lọ.

Ẹ mú rúlà onírin gígùn tí ó tọ́ dáadáa dání. Ẹ gbé e lé tábìlì kọ̀ọ̀kan ní gígùn, ní ìbú, àti láti igun dé igun, kí ẹ sì wo ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé tábìlì iwájú sókè kí ó bá ti ẹ̀yìn dọ́gba, kí ẹ gbé rúlà lé àwọn méjèèjì pọ̀. Bí bébà kan ṣoṣo kò bá lè gba abẹ́ rúlà kọjá níbikíbi, ó dára púpọ̀. Bí tábìlì kan bá tẹ̀ síwájú díẹ̀, oníṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó mọ iṣẹ́ lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí tábìlì kan fúnra rẹ̀ bá lọ́, àfi kí wọ́n tún ojú rẹ̀ lọ̀ ní ilé ẹ̀rọ ńlá, owó rẹ̀ sì lè ju èyí tí ẹ fi rà á lọ. Ìpẹtà ojú lásán kò burú. Èyí tí ó ti gbẹ́ kòtò ni kí ẹ sá fún.

Ọ̀bẹ àti bíárìnì

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ibí yìí, ẹ yọ ọ̀nà iná rẹ̀ pátápátá. Ẹ yọ bẹ́líìtì, kí ẹ fi ọwọ́ yí irin róbótó náà láti ibi ìyípo rẹ̀, kí ọwọ́ jìnnà sí ẹnu ọ̀bẹ. Bí ó bá ń ró bí ẹni ń lọ yanrìn, tàbí tí ó ń mì sókè sódò, bíárìnì ti lọ. Ẹ wo àwọn bóòtù tí ó de ọ̀bẹ: bí orí wọn bá ti jẹ, tàbí tí ọ̀kan kò sí, ọ̀bẹ lè fò jáde lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wò ó bóyá ọ̀bẹ ṣì kù tí a lè pọ́n, ní pàtàkì ẹ̀yin tí ẹ ń fá ìrókò, nítorí ohun líle bí òkúta a máa wà nínú igi náà tí ó ń ba ẹnu ọ̀bẹ jẹ́.

Bí irin tí ó gbé ọ̀bẹ bá jẹ́ onígun mẹ́rin dípò róbótó, ẹ má rà á, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Ihò tí ó wà láàárín rẹ̀ àti tábìlì lè gbé ìka wọlé. Láti 1922 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ̀ ọ́ fún ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ ti pákó sí.

Iná

Ẹ ka ohun tí a kọ sí ara mọ́tò iná. Bí ó bá béèrè fésì mẹ́ta, tí fésì kan sì wà nílé yín, kò ní ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ti Amẹ́ríkà wá lè jẹ́ ti fóltì 120. Bí a bá kì wọ́n bọ iná fóltì 230 wa, wọn yóò jó. Iná tiwọn ń yí padà ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ní ìgbà 50. Nítorí náà mọ́tò wọn yóò fi ìdá kan nínú mẹ́fà yí lọ́ra níbí, ó sì lè gbóná jù. Ẹni tí ń lo jẹnẹrétọ̀ kí ó rántí pé agbára ẹṣin kan jẹ́ wáàtì 746, àti pé mọ́tò ń fa iná ní ìlọ́po mélòó kan nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra.

Kí ó ṣiṣẹ́ lójú yín

Ẹ mú pákó méjì tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta dání. Ẹ fá etí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ẹnu wọn kan ara wọn, kí ẹ gbé wọn sí ìmọ́lẹ̀. Bí kòtò bá wà ní ìparí pákó nìkan, tábìlì ẹ̀yìn ni a kò gbé tó. Ó ṣe é tún ṣe lójú ẹsẹ̀. Bí àlàfo bá wà láàárín tàbí ní orí méjèèjì, tí kò sì lọ lẹ́yìn àtúnṣe, tábìlì méjèèjì kò bára mu. Ẹni tí kò jẹ́ kí ẹ dán ọjà rẹ̀ wò, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Kí ẹ tó ná an, ẹ kọ iye tí ọkọ̀, ọ̀bẹ, bíárìnì àti wáyà yóò gbà sílẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ nínú owó tí ẹ ní lọ́wọ́. Ẹ gba rìsíìtì tí orúkọ olùtà àti nọ́ńbà ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, kí ó má lọ jẹ́ ẹrù olè.

Nígbà tí ó bá délé

Ìbòrí ọ̀bẹ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Bí kò bá sí, ẹ ṣe é kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Ẹ má fá igi tí kò tó ínṣì 12 ní gígùn. Ẹ fi igi ìtì ti pákó, kí ẹ má fi ọwọ́ tì í kọjá lórí ọ̀bẹ. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ tàbí aṣọ alápá gbọ̀ọ̀rọ̀, kí àwọn ọmọdé má sì sún mọ́ ibẹ̀.

Ẹ̀yin ará, àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó láti dá ra ẹ̀rọ, ẹ pa owó pọ̀ ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹni tí yóò sì dá rà á, kí ó mú ọ̀kan nínú àwọn onídùúró rẹ̀ lọ wò ó, pẹ̀lú ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà. Onídùúró tí ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé tábìlì tẹ́jú yóò fi ọkàn balẹ̀ fọwọ́ sí ìwé, owó ẹgbẹ́ yóò sì padà wálé fún ẹlòmíràn láti yá.